Kí ló ń di òkè mú? Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ SS nípa ilẹ̀ tó ń ya

Ẹ̀yin tíṣà jọ́gíráfì ẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Iléṣà níbí rèé o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa láńsíláìdì (kí ilẹ̀ òkè ya wálẹ̀), ẹ má tíì kọ àwọn oríṣi ẹ̀, fall (jíjábọ́), slide (yíyọ̀), flow (ṣíṣàn) àti creep (sísún díẹ̀díẹ̀), sójú bọ́ọ̀dù. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á dà á sílẹ̀ fún WAEC, ó parí. Ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí ni pé: òkè tí ò tíì ya, kí ló dì í mú?

Ẹnì kan á ní Ọlọ́run ni (ọmọ pásítọ̀), ẹlòmíì á ní gbòǹgbò igi. Mo máa ń gba méjèèjì. Ká wá da yanrìn gbígbẹ sórí tírè, ká máa dà á jọ kó ga. Bó ti wù kẹ́ ẹ rọra dà á tó, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi dígírì 30 sí 35, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Kí ọmọ kan fi protractor wọ̀n ọ́n, wọ́n fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ẹ wá wọ́n omi díẹ̀ sí i, yanrìn tó ń yọ̀ lẹ́ẹ̀kan á wá dúró ṣinṣin, ẹ lè fi mọ ògiri. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń bu omi sí i láìdúró, á kàn dédé máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣàlàyé pé omi tó kún àárín yanrìn ló ń tì wọ́n kúrò lára ara wọn, ó tún ń dá kún ìwúwo.

Freetown, olú ìlú Sierra Leone, ni mo máa ń mú wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ní August 14, 2017, lẹ́yìn òjò ńlá, òkè ya ní àdúgbò Regent, èèyàn tó kú àtàwọn tí wọ́n wá tì lé ní 1,000. Wọ́n ti gé igbó òkè náà, wọ́n ti kọ́lé gun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìlú onílùú ni o. Kòtò tí wọ́n ti ń wa góòlù wà lápá Itagunmodi, nítòsí Iléṣà níbí, ọmọ tí èèyàn ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kòtò máa ń ya lu èèyàn, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ọmọ kan ní kíláàsì mi ní ẹ̀gbọ́n òun kì í wọ kòtò láàárọ̀ láìjẹ́ pé ó wo etí ẹ̀ yí ká, tó bá ti là, tó bá tún fẹ̀ ju tàná lọ, kò séni tó máa wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán ìwé wo ló tó ìyẹn?

Creep, ìyẹn ilẹ̀ òkè tó ń sún wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, náà ò nira; ohun tó ń fi í hàn nìyí: òpó iná tó ti fì, igi tí ìdí ẹ̀ tẹ̀ síhà ìsàlẹ̀ òkè àmọ́ tí orí ẹ̀ padà nà sókè. Kí wọ́n lọ wá a ládùúgbò wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ wo ibi tí wọ́n ti gé òkè láti fi la títì, ẹ gba lẹ́tà òbí, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí ìdí ẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lálẹ́ àná, ẹ sún un síwájú, kódà kí oòrùn máa ràn, torí omi yẹn ṣì ń wọlẹ̀ lọ.