Mo já aládùúgbò mi Mọ́mọ́nì kulẹ̀ níbi ìdìbò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin ará mi tí a jọ wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pé oṣù kan, ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: a ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ onílùú, a forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, a ò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn orúkọ tó wà lójú ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n bá sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń gbé lọ síbẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ ní àwáwí yẹn. Mo mọ obìnrin náà.

Ilé kẹta sí tèmi ló ń gbé, lẹ́bàá Houston níbí. Nígbà tí mo forúkọ ọmọ mi sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, fọ́ọ̀mù bi mí pé èdè wo la ń sọ nílé, mo kọ Yorùbá. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti gbé ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ sí kíláàsì àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ títí, wọ́n ní ìlànà ni. Obìnrin yìí ló tẹ̀ lé mi lọ. Ó jókòó tì mí fún bíi wákàtí méjì, ó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ sínú ìwé kékeré kan, ó ní kí wọ́n gbé èsì ìdánwò ọmọ náà jáde ká rí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n dá ọmọ mi padà. Nígbà tó wá jáde láti du ipò nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ àgbègbè wa, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn wà lára ohun tó ní òun máa tún ṣe. Èmi fúnra mi ni mo ní kó wá ri pátákó rẹ̀ síwájú ilé mi.

Ìgbà tó yá ni ohùn kan dé sórí WhatsApp àwa obìnrin ìjọ. Wọ́n ní ká ṣọ́ra, pé Mọ́mọ́nì ni aládùúgbò mi yìí, ọmọ ìjọ tó ń pe ara rẹ̀ ní Ìjọ Jésù Kristi ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹyìn, pé wọ́n ní ọmọ ìyá kan ni Jésù àti Sàtánì, pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, pé wọ́n ní aṣọ kan tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ, pé ká má fa ọmọ wa lé wọn lọ́wọ́. "Àmín" tò tẹ̀ léra. Èmi náà tẹ "Àmín".

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí ìdìbò ṣáájú, èyí tí a máa ń ṣe kí ọjọ́ ìdìbò gan-an tó dé, parí, mo dé iwájú ẹ̀rọ. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Ní Texas níbí, ìdìbò ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í sábà ní àmì ẹgbẹ́ òṣèlú, orúkọ lásán ni. Ìka mi dúró sórí tirẹ̀. Ohùn yẹn ń dún létí mi. Mo tẹ orúkọ kejì, ẹni tí mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ilé mi ni ìpàdé àdúrà kàn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí wọ́n tó dé, mo fa pátákó náà yọ, mo tì í sẹ́yìn fìrísà nínú gáréèjì.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, aago ẹnu ọ̀nà dún. Òun ni, ó gbé pátákó tuntun dání. Ó ní, "Wọ́n ti jí tìẹ. Wọ́n kọ ìkọkúkọ sára èyí tó wà ní ìkángun àdúgbò pẹ̀lú. Má bínú, nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ń wọ àgbàlá rẹ." Òun ló ń bẹ̀ mí! Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ní ó ṣeun. Ìrì ṣì wà lórí koríko, bàtà rẹ̀ ti tutù. Ó ní kí n bá òun dì í mú, mo dì í mú, ó fi ẹsẹ̀ tẹ irin rẹ̀ wọlẹ̀. Ọwọ́ tó tẹ orúkọ ẹlòmíràn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà ló di pátákó yẹn mú. Ó bi mí pé báwo ni ọmọ mi. Mo ní dáadáa ló wà. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí omi tí mo gbé kaná fi gbẹ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ìdìbò gan-an, ó fìdí rẹmi. Ìbò díẹ̀ ló fi pàdánù.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún mi kò ju ọ̀kan lọ, kí a bi ẹni náà fúnra rẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé kẹta ló wà sí mi, mi ò bi í. Mo gbọ́ ohùn ẹni tí kò bá a jókòó rí, mo gba ìyẹn gbọ́ ju wákàtí méjì tó fi jókòó tì mí.

Mo wá lọ kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, ìtìjú ló gbé mi débẹ̀. Ọ̀rọ̀ Jésù àti Sàtánì yẹn gan-an, olóṣèlú kan, Mike Huckabee, ti fi bi oníròyìn kan léèrè lọ́dún 2007, nígbà tí òun àti Mitt Romney, tó jẹ́ Mọ́mọ́nì, jọ ń du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ Republican. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Ní 2011, pásítọ̀ Robert Jeffress ti Dallas ní ẹ̀sìn Mọ́mọ́nì kì í ṣe ti Kristẹni. Lọ́dún yẹn kan náà, Gallup, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí èrò aráàlú, bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè, 22 nínú 100 ní àwọn ò lè dìbò fún Mọ́mọ́nì, kódà bí ẹgbẹ́ àwọn bá fà á kalẹ̀. Ní 1967, nígbà tí George, bàbá Romney, ń múra láti du ààrẹ, 17 ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Romney dojú kọ Obama ní 2012, nǹkan bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn Kristẹni aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní "evangelical" ló dìbò fún un, Jeffress náà sì ti wá lẹ́yìn rẹ̀. Àṣé bí àsíá ẹgbẹ́ bá wà, wọ́n á gbójú fò ó. Ibi tí kò bá ti sí àsíá, bí irú ìdìbò tiwa yìí, ibẹ̀ ni ẹ̀sìn ti ń ṣèpalára jù.

Ẹ má sọ pé mi ò mọ Bíbélì. Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ wọn àti tiwa kò dọ́gba. Mo sì mọ̀ pé títí di 1978, wọn kì í fi ọkùnrin aláwọ̀ dúdú joyè àlùfáà. Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó yẹ kí ẹnìkan bi í lójú ara rẹ̀ pé kí ló rò nípa rẹ̀, torí ọmọ aláwọ̀ dúdú kún ilé ẹ̀kọ́ wa. Kò sẹ́ni tó bi í. Aṣọ abẹ́ la ń sọ.

Èmi tí ìyá mi àgbà jẹ́ Kérúbù àti Séráfù! Láti 1925 tí Mósè Orímọládé àti Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ti dá a sílẹ̀ l'Ékòó, kí ni wọn ò tíì sọ sí àwọn onísùtánà? Wọ́n ní inú omi ni wọ́n ti ń gba agbára. Nítorí aṣọ funfun ìyá mi àgbà, mo ti bá ọmọ kíláàsì mi jà rí. Nínú ìbéèrè 100 tí mo kọ́ sórí kí n tó di ọmọ Amẹ́ríkà, ọ̀kan bèèrè ohun tí òmìnira ẹ̀sìn jẹ́, mo sì dáhùn rẹ̀ geere.

Mo ti lọ bá a, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dé orí fìrísà. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò bi mí?" A ṣì ń kí ara wa.

Mo fi ohùn tèmi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kan náà. Ẹ̀gbọ́n wa tó fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní ṣé mo ti di Mọ́mọ́nì ni. Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo máa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ilé kẹta sí tèmi ló wà. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, mo lè mú yín lọ."