Síbí tó wà lọ́wọ́ Màámi

Àpótí tí Màámi gbé wá nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá wẹ ọmọ fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin méjì ló gbé e gun àtẹ̀gùn. Mo rò pé ẹ̀lùbọ́ ni. Àṣé ilé ìwòsàn ni wọ́n dì wá: ike àdí méjì tí wọ́n fi ọ̀rá wé lẹ́nu, òrí nínú agolo mílíìkì, ọṣẹ dúdú, orógbó, efinrin gbígbẹ, àti ìgò kan tí omi inú rẹ̀ dúdú bí ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti pẹ́. Mo ní, "Màámi, kí lèyí?" Wọ́n ní, "Ti gìrì ni. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká lò ó."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, a ti jọ ṣe àdéhùn. (Kí n má purọ́, èmi ni mo sọ̀rọ̀, àwọn kàn ń wò mí.) Ohun tí a fi ń para ọmọ, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Èyí tí a ó rọ sí i lọ́nà ọ̀fun, kí wọ́n bi mí ná.

Àdéhùn náà bá wa dé ibi tó dáa. Bí wọ́n bá ti wẹ ọmọ tuntun tán, tí wọ́n fi òrí ra á láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ti sùn kí wọ́n tó gbé e fún mi. Róòbù ni mo gbà lọ́wọ́ wọn, torí bó ṣe ń ta yẹn ti le jù fún èémí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún 2, ni ikọ́ máa ń dà láàmú. Oyin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la ń fún un, àwọn nọ́ọ̀sì ìhín pàápàá sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin, torí kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ọmọ ọwọ́ ò lè bá jà. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Oyin tí a fi ń sọmọ lórúkọ?" Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, èmi ni mo lá oyin tirẹ̀.

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí la jà lé jù. Mo rán wọn létí ọdún 2008, nígbà tí oògùn olómi fún ọmọ tó ń yọ eyín pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Kẹ́míkà olóró kan ti wọnú rẹ̀, ó sì ba kídìnrín wọn jẹ́. Màámi ní, "Ṣé àgbo nìyẹn? Ṣebí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ni wọ́n ti rà á." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ara ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo ti fún un ní parasitámọ́ọ̀lù, mo sì ti sọ pé kí Màámi má fi omi tútù nù ún, torí wọn ò fẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ níbí. Omi mímu ni kí a máa fún un. Ìgbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, ojú rẹ̀ yí sókè. Apá àti ẹsẹ̀ le gbagidi, ó wá ń gbọ̀n, ètè rẹ̀ ń ṣú, ìtọ́ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.

Mi ò mọ bí ọwọ́ mi ṣe tẹ 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ìhín. Màámi ti já dé láti kíṣìnnì, síbí lọ́wọ́ ọ̀tún, ike àdí lọ́wọ́ òsì. "La ẹnu rẹ̀! Kó má baà gé ahọ́n jẹ!" Obìnrin tó wà lórí fóònù, tí ohùn rẹ̀ ò yára rárá, ní kí n fẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, kí n má dì í mú, kí n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí n sì máa wo aago.

"Màámi, wọ́n ní ká wo aago."

"Aago kẹ̀? Ọmọ ń kú lọ, ẹ̀ ń wo aago?"

Mo gba síbí lọ́wọ́ wọn. Èmi tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, mo já a gbà. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Àkànní, Àkànní ọkọ mi, má lọ." Ìṣẹ́jú 3 ó lé díẹ̀ ni aago mi kà kí ara rẹ̀ tó dẹ̀, tó wá mí kanlẹ̀. Kí áńbúláǹsì tó dé, ó ti ń sunkún, ẹkún tó dùn mọ́ mi létí jù láyé mi.

Dókítà ṣàlàyé pé gìrì ni, ara gbígbóná ló fà á. Irú gìrì bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ọmọ láti bí oṣù 6 títí di ọdún 5 tàbí 6, ó sì sábà máa ń lọ láìfi àléébù sílẹ̀. Nínú ọmọ 3 tó bá ṣe, ó lè tún ṣe 1. Aago ṣe pàtàkì torí bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ó lè gba oògùn kó tó dúró. Wọ́n tún bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, nítorí ibà ẹ̀fọn, tó lè dé ọpọlọ ọmọ, tó sì lè jọ gìrì lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ lọ sílé lásìkò Kérésì, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó bi yín.

A délé ní ìdájí. Màámi ò sọ̀rọ̀ títí mo fi gbé tíì fún wọn. Wọ́n wá ní, "Mú ẹsẹ̀ rẹ òsì wá." Àpá kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi láti kékeré, tí wọ́n sọ fún mi pé iná àtùpà ló jó mi. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra á. Wọ́n ní kì í ṣe àtùpà. Gìrì ló mú mi, àwọn àgbà ilé sì gbé ẹsẹ̀ mi sún mọ́ iná àdògán kí n lè ta jí. Àgbo ìtọ̀ màálù ni wọ́n kọ́kọ́ rọ sí mi lẹ́nu, èyí tí wọ́n fi ewé tábà àti áyù sí. Mo mọ àgbo yẹn nínú ìwé: láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń dá èémí dúró. Mi ò mọ̀ pé ó ti gba ọ̀fun mi kọjá.

"Ìfẹ́ ni," ni Màámi wí. Mo ní, "Mo mọ̀, Màámi."

Láàárọ̀, wọ́n da ìgò dúdú yẹn sínú síńkì. Ọjọ́ méjì ni a fi ṣí fèrèsé nínú òtútù.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Ìbàdàn, fóònù dún lóru. Gìrì mú ọmọ ayálégbé ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin ilé sì ti gbé síbí dé. Màámi ní àwọn gba síbí, àwọn fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, àwọn lé bàbá rẹ̀ jáde pé kó lọ wá mọ́tò tí yóò gbé e dé ọsibítù.

Mo ní, "Ẹ wo aago?"

"Aago ara ògiri wọn ti kú látọdún tó kọjá. Ẹnu ni mo fi kà á. Mo ka igba kó tó dẹwọ́."