Ẹnu Ta Ni Ìròyìn Yìí Ti Jáde?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ àyẹ̀wò ìròyìn, ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu yín: "Ilé iṣẹ́ ìròyìn wo ni kì í ṣègbè, ká máa ka tiwọn nìkan?" Mo mọ̀ pé orúkọ kan ni ẹ fẹ́ gbọ́. N kò ní dárúkọ kankan, torí pé ilé iṣẹ́ tó sọ òótọ́ láàárọ̀ lè gbé àhesọ jáde lálẹ́, akọ̀ròyìn kan nínú wọn sì lè mọṣẹ́ ju èkejì rẹ̀ lọ fíìfíì. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé orí ìròyìn kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká ti máa bèèrè: ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ jáde, báwo ni ẹni náà sì ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá sọ ìbéèrè yìí dàṣà, ojúsàájú á máa hàn sí i láìjẹ́ pé ó ń wá a kiri.

Ọ̀pọ̀ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè tí ẹ ń kà lórí ayélujára, kì í ṣe ìkànnì tí ẹ ti kà á ló rán ènìyàn lọ síbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó ìròyìn jọ, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn yòókù, ló ṣe é: Associated Press (AP), tí àwọn ìwé ìròyìn New York jọ dá sílẹ̀ lọ́dún 1846 kí wọ́n lè máa pín ìnáwó ìròyìn láàárín ara wọn, Reuters, tó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1851, àti Agence France-Presse ti ilẹ̀ Faransé, tó ń jẹ́ orúkọ yìí láti ọdún 1944. Ìwé ìròyìn tí kò ní akọ̀ròyìn kankan níbi tí ogun ti ń jà á ra ìròyìn lọ́wọ́ wọn, á yí àkọlé rẹ̀ padà, á gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, á sì gbé e jáde.

Nítorí náà, bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ kan lórí Google, tí ogún ìkànnì sì gbé e, ẹ má tíì sọ pé ogún ẹlẹ́rìí ló wà. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí ìròyìn náà dáadáa. Bí AP tàbí Reuters bá wà nídìí gbogbo wọn, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo lẹ ní. Ẹ̀rí ẹyọ kan yẹn lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ o, torí pé àwọn oníbàárà tí èrò òṣèlú wọn ò papọ̀ ni ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tajà fún, ìyẹn sì ń jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ ẹnu. Síbẹ̀, ẹyọ kan náà ni. Èyí tó dára níbẹ̀ ni pé ẹ lè lọ ka ojúlówó rẹ̀ lórí ìkànnì AP tàbí ti Reuters, kí ẹ sì rí ohun tí wọ́n gé kúrò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìsàlẹ̀ tí wọ́n gé yẹn ni èsì ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn máa ń wà.

Èyí tó burú jù ni kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ẹnìkan, kó yí po, kó sì padà wá jẹ́rìí fún ẹni tó sọ ọ́. Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, torí n kò tíì rí èyí tó kọ́ ènìyàn jù ú lọ nínú iṣẹ́ wa. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, New York Times kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé Ìráàkì ti ń wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá alumíníọ̀mù rà, àti pé àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà gbà pé ara ohun èlò bọ́ǹbù átọ́míìkì ni. Ìwé náà kò dárúkọ àwọn aláṣẹ tó sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Dick Cheney, igbákejì ààrẹ, jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n NBC, ó ń sọ ti àwọn ọ̀pá náà, ó sì ń tọ́ka sí ohun tí New York Times kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó kà á nínú ìwé, tó tún gbọ́ ọ lẹ́nu Cheney, á rò pé ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rí ti wá. Inú ìjọba kan náà ni méjèèjì ti wá. Oṣù Kẹta ọdún 2003 ni Amẹ́ríkà gbógun ti Ìráàkì. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ rán lọ sí Ìráàkì kò rí ètò bọ́ǹbù átọ́míìkì kankan tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ló dà bíi pé wọ́n fẹ́ fi àwọn ọ̀pá náà ṣe.

Lásìkò yẹn náà, àwọn akọ̀ròyìn kan ń kọ ohun tó yàtọ̀. Jonathan Landay àti Warren Strobel ti ilé iṣẹ́ Knight Ridder kò fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ńláńlá. Wọ́n lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn onímọ̀ inú ìjọba gan-an kò fohùn ṣọ̀kan. Orúkọ Knight Ridder kò tóbi tó ti New York Times. Ẹni tó ń fi orúkọ ńlá wọn òótọ́ á fò wọ́n kọjá. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi á fi kún un pé ẹni tó sún mọ́ iṣẹ́ náà ni ká gbọ́ tẹnu rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ipò rẹ̀ ga nìkan.

Látinú èyí ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wo "ẹni tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun". Òṣìṣẹ́ kékeré tó ń tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀ ní ìdí láti fi ara pa mọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alágbára tó ń fi orúkọ pa mọ́ láti sọ ohun tó wu ìjọba rẹ̀ kí aráyé gbọ́, ẹ bi ara yín pé kí ló ń bẹ̀rù.

Ẹ̀kọ́ kejì, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford ló là mí lójú sí i. Sam Wineburg àti Sarah McGrew kó oríṣi ènìyàn mẹ́ta jọ: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Stanford, àti àwọn ayẹ̀ròyìnwò. Wọ́n gbé àwọn ìkànnì kan sí iwájú wọn pé kí wọ́n sọ èyí tó ṣeé gbára lé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ìkànnì náà, wọ́n ń kà á látòkè délẹ̀, wọ́n ń wo bó ṣe rí, wọ́n ń wo àmì ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ka ohun tó sọ nípa ara rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn ayẹ̀ròyìnwò wò lára rẹ̀ kí wọ́n tó jáde síta, wọ́n sì ṣí ojú ewé mìíràn láti wá ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa onítọ̀hún. Àwọn ló tètè mọ òótọ́, tí wọn ò sì ṣì í. Ọlọ́gbọ́n ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni wọ́n ti ń gba ẹ̀rí. Nítorí náà, bí ìkànnì kan bá ṣàjèjì sí yín, ẹ má fi ìdajì wákàtí kà á. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú Google, ẹ wo ẹni tó ni ín àti ẹni tó ń sanwó rẹ̀, kí ẹ tó padà síbẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ owó: ìjọba Qatar ló dá Al Jazeera sílẹ̀ lọ́dún 1996, ìjọba Rọ́ṣíà ló ń náwó sórí RT, ti Ṣáínà ló ni CGTN, owó ìjọba Jámánì ni Deutsche Welle fi ń ṣiṣẹ́, owó àṣẹ wíwo tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ìdílé ní Bìrìtéènì ń san ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ BBC. N kò sọ pé bákan náà ni gbogbo wọn, torí òfin tó dáàbò bo akọ̀ròyìn lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni náà ní olówó tiwọn àti àwọn tó ń polówó ọjà lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà wò ó ni pé mo máa ń wá ohun tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ burúkú bá kan ẹni tó ń bọ́ wọn. Bí gbogbo ayé bá gbé e tí àwọn kò sì sọ nǹkan kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn jẹ́ èsì.

Àwọn kan ti ṣe àtẹ tó to àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn láti apá òsì òṣèlú dé apá ọ̀tún, bíi AllSides àti Ad Fontes Media. Ó wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ má gbé e karí, torí òṣèlú Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, odidi ilé iṣẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń díwọ̀n, kì í ṣe ìròyìn tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ ṣọ́ra fún òǹkà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, kéde pé ẹran tí wọ́n ti ṣe lọ́jọ̀, irú bíi sọ́sééjì, máa ń fa jẹjẹrẹ ìfun, àti pé gíráàmù 50 lójoojúmọ́ ń fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu rẹ̀. Àkọlé ìròyìn gba gbogbo ayélujára kan pé ẹran yìí àti sìgá ti di ẹgbẹ́. Òótọ́ ni pé ìsọ̀rí kan náà ni IARC kó wọn sí, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí ṣe dájú tó ni ìsọ̀rí náà ń sọ, kò sọ bí ewu ṣe tóbi tó, àjọ náà fúnra rẹ̀ sì ṣàlàyé bẹ́ẹ̀. Ní ti ìdá 18, ẹ bèèrè pé ìdá 18 nínú kí ni. Ká ní ènìyàn 5 nínú 100 ni àrùn náà máa ń mú tẹ́lẹ̀, àfikún yẹn á sọ wọ́n di bíi 6. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àkọlé yẹn gbìn sí wa lọ́kàn. Ìwé ìkéde tí IARC gbé jáde wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ayélujára lọ́jọ́ yẹn, ojú ewé méjì péré sì ni. Ẹ máa lọ ka ojúlówó ìwé, ìbáà jẹ́ ìdájọ́ ilé ẹjọ́, àbájáde ìwádìí tàbí ọ̀rọ̀ tí olóṣèlú sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí ìròyìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ́, ẹ ní sùúrù. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2013, àwọn kan jí ojú òpó Twitter ti Associated Press gbà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́ǹbù dún ní White House, pé Ààrẹ Obama fara pa. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ọjà ìpín ìdókòwò ní New York já wálẹ̀ kó tó padà sókè. Ilé iṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán ni AP, àmọ́ ìròyìn náà kò sí lórí ìkànnì rẹ̀ gan-an, kò sì sí akọ̀ròyìn mìíràn kankan nínú àwọn tó kún White House tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ máa bá a. Ìwádìí tí Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral gbé jáde lọ́dún 2018 lórí ọ̀rọ̀ bíi 126,000 tó tàn ká orí Twitter fi hàn pé ìlọ́po mẹ́fà àkókò tí irọ́ fi ń dé ọ̀dọ̀ 1,500 ènìyàn ni òótọ́ ń lò kó tó dé bẹ́ẹ̀. Àwa ènìyàn la ń gbé e kiri, torí irọ́ sábà máa ń jẹ́ ohun tí a kò gbọ́ rí.

Ti àwòrán kò le. Ẹ gbé e sínú Google Lens tàbí TinEye, ẹ lè rí àwọn ibi tó ti fara hàn tẹ́lẹ̀ lórí ayélujára, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kì í ṣe ni kí ẹ padà sí ìròyìn lẹ́yìn tí ariwo rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2004, New York Times kọ ọ́ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé ìròyìn òun lórí Ìráàkì kò gún régé tó bó ṣe yẹ, ó sì tọ́ka sí ti àwọn ọ̀pá yẹn. Ìjẹ́wọ́ yẹn pẹ́, ó sì dùn mí pé ogun ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lákọsílẹ̀ ní gbangba. Àwọn mìíràn máa ń wọnú ìròyìn àná lọ ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n á yí i padà, wọn ò sì ní kọ ohunkóhun sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tọ́jú líǹkì ìròyìn ńlá tí ẹ bá kà, ẹ ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ bá ṣàjèjì sí yín, ẹ gbé líǹkì náà lọ sórí Wayback Machine ti Internet Archive, tó ti wà fún aráyé láti ọdún 2001. Ó lè ní ẹ̀dà bí ojú ewé náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀dà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ sì wo gbólóhùn tí wọ́n yọ.