Fíìmù Bàbá: èyí tó lẹ̀ ti ṣí o!

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Inú mi dùn débi pé oorun kò kùn mí rárá lálẹ́ yìí. Fíìmù kan nínú àwọn fíìmù fọ́tò àtijọ́ tí Bàbá wa yà, èyí tó lẹ̀ mọ́ pépà tí mo fi hàn yín níjelòó, ti ṣí, àwòrán inú rẹ̀ sì pé.

Kí n tètè sọ ibi tí ìyókù dé. Fíìmù ìrìn àjò Kánò ti wọ kọ̀ǹpútà tán. Ti Jẹ́bbà náà ti parí, afárá rẹ̀ hàn kedere. Àpótí iná tí mo kàn láti máa fi wo fíìmù ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ó wá ku èyí tó lẹ̀. Ẹ rántí pé kámẹ́rà Yashica olójú méjì ni Bàbá ń gbé kiri, irú fíìmù tí wọ́n ń pè ní 120 ló ń lò, àwòrán 12 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fọ fíìmù tán, wọ́n á gé e, wọ́n á kì í bọ pépà tó ń dán, wọ́n á kọ orúkọ ìlú sí i lára. Èyí kò ní orúkọ. Inú àpótí páànù lókè àjà ló wà láti ọjọ́ yìí wá, ooru Kàbbà àti ọ̀rinrin òjò sì ti mú kó bu.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ní kí n rẹ ẹ́ sómi. Ìmọ̀ràn tó dáa ni fún fíìmù tí ara rẹ̀ yá, torí jẹ́látìn tó gbé àwòrán máa ń wú nínú omi tútù, á sì jọ̀wọ́ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo tiẹ̀ ti ra omi bátìrì sílẹ̀, èyí tí àwọn oníbátìrì fi ń kún un, tí kò ní ásíìdì. (Ẹ máa ka ara ìgò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí irú ìgò kan náà làwọn mìíràn ń rọ méjèèjì sí.) Àmọ́ ohun tó hù lára fíìmù tó ti bu ń jẹ jẹ́látìn náà ni, ibi tó bá sì ti jẹ, yíyọ́ ni yóò yọ́ sínú omi. Àwòrán á kàn ṣàn lọ lójú ẹni. Bí mo ṣe pa omi tì nìyẹn.

Sílíkà ni mo lò, àwọn hóró inú ọ̀rá kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà. Ìyá oníbàtà kan lọ́jà ló ń kó tiwọn jọ fún mi, Ọlọ́run á bù sí i fún wọn. Mo ya ọ̀rá náà, mo yan hóró rẹ̀ gbẹ nínú agbada lórí iná kékeré, mo jẹ́ kó tutù, mo wá gbé e pẹ̀lú fíìmù sínú ike tó ní ìdérí. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rinrin ń jáde. Nígbà tí igun pépà gbé sókè, mo fi ọparun tí mo fá tẹ́ẹ́rẹ́ tì í wọlé lábẹ́ rẹ̀, mi ò kánjú. Sípíríìtì tí omi kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀ ni mo fi nu ìyókù.

Kí la wá rí? Bàbá kì í jáde nílé láì ya Màmá àti ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Àwòrán àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìkejìlá, ẹnu ọ̀nà kan náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá padà dé. Nínú èyí, Màmá pọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ akẹ́rù méjì ń pàdé ara wọn lójú ọ̀nà, lẹ́yìn náà etí omi Lọ́kọ́ja àtàwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Àǹtí wa ní àwọn ni ọmọ náà. Bọ̀ọ̀dá wa ní rárá o, àwọn ni. A bi Màmá, wọ́n ní ọ̀já kan náà làwọn fi pọn gbogbo wa, pé Bàbá yín lẹ jọ, ẹ fi mí sílẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ni mo rọ̀ mọ́. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Wọ́n bí Àǹtí ṣáájú ìyẹn, wọ́n bí Bọ̀ọ̀dá lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dojú fíìmù délẹ̀, òsì á di ọ̀tún. Ojú tó ń dán, èyí tí jẹ́látìn àwòrán kò sí, ló yẹ kó kọjú sí ẹni tó ń wò ó, àmọ́ bíbu ti jẹ́ kí ojú méjèèjì rí bákan náà, lẹ́tà etí fíìmù sì ti jẹ tán. Kò sí àkọlé kankan lára ọkọ̀.

Bàbá onífọ́tò kan tó ti fẹ̀yìn tì níbí ló là mí lójú. Wọ́n ní kí n fi ètè tútù kan etí fíìmù níbi tí kò sí àwòrán: ojú tó bá lẹ̀ mọ́ ètè ni jẹ́látìn wà. Mo ṣe é. Apá òsì làwọn ọkọ̀ náà wà! Àǹtí ni ọmọ ẹ̀yìn Màmá. Igbe ayọ̀ tí wọ́n ké lórí fóònù, gbogbo ilé gbọ́.

Èyí yí ètò mi padà. Mo fẹ́ to ìwé àwòrán ìrántí ọdún kan Bàbá ní ìlú-ìlú tẹ́lẹ̀. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni màá fi bẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan, òun náà ni màá fi parí rẹ̀, kí ìrìn àjò wà láàárín. Àwọn ará ilé tó ń sọ pé ọmọ ló dá Bàbá dúró nílé, ẹ wá wò ó: bí ọmọ ṣe ń pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni ọ̀nà náà ń jìn sí i, títí dé Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger, níbi mọ́ṣáláṣí alámọ̀ tí ilé ìpè àdúrà rẹ̀ ga tó mítà 27.

Ti Agadez ló kàn, torí Bọ̀ọ̀dá ní dandan àwọn wà níbẹ̀. Òórùn ọtí kíkan ti ń jáde lára fíìmù náà, ó sì ti ń ká kò. Mo ti yà á sọ́tọ̀ kó má ba àwọn yòókù jẹ́. Gíláàsì ni màá fi tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ bí ojú tó ń dán bá kan gíláàsì tó ń dán, àwọn òrùka aláwọ̀ á yọ sí àwòrán, nítorí náà ojú jẹ́látìn ni màá kọ sí gíláàsì, kí n yí i padà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gíláàsì férémù tí kì í dán, ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, kó sọ fún mi kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé.