Ṣé o ti lọ́kọ ni?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo gbé wá lónìí, ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kó yáa jẹun tán ná.

Ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù irun ni mo ní l'Ábẹ́òkúta, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń ṣàkíyèsí pé ọmọ yìí ò lè jókòó jẹ́ẹ́, á jókòó, á dìde, á ní òun ń lọ tọ̀, mo tiẹ̀ ti fẹ́ máa bínú torí mo rò pé fóònù ló ń lọ tẹ̀. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn yòókù ti lọ, ló bá sún mọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mọ́mì mi o. Mo ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì."

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì! Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí lè rò pé bàbá ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ṣáláńgá tuntun. Orúkọ tí àwọn ọmọbìnrin ń pe gbogbo ohun tó bá ń yún wọn lójú ara nìyẹn, torí tó bá jẹ́ pé ilé ìgbẹ́ lo ti kó o, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé ta lo bá sùn.

Mo ní kí ló ti lò sí i. Ha! Ó ti ra kápúsù apakòkòrò ní kẹ́míìsì, ó lò ó tán, ó tún ra òmíì, ó mu àgbo tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì, èyí tó ń wo sítáfì, tó ń wo jẹdíjẹdí, tó ń wo àtọ̀sí, tó tún ń jẹ́ kí ọkọ fẹ́ràn ìyàwó, ó tún ń fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ ibẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Kàkà kó lọ sílẹ̀, ńṣe ló ń le sí i.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè mo mú un lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan. Ẹni tó ń kọ káàdì ní kí ló ń ṣe é. Mo ní ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì nínú lọ́hùn-ún. Ó ní rárá, àfi kóun kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ yìí bá rọra sọ ọ́ sí i létí, ló bá pariwo ẹ̀ sókè: "Ojú ara ń yún ẹ? Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́? Ṣé o ti lọ́kọ ni?" Àwọn aláboyún àtàwọn ìyá tó gbé ọmọ wá gbabẹ́rẹ́ ló kún orí bẹ́ǹṣì bámúbámú, gbogbo wọn yíjú sí wa. Ọmọ náà tẹjú mọ́ sílípáàsì ẹ̀. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú gírígírí, torí mo mọ̀ pé géètì ló kàn.

Mo mọ̀ torí pé èmi náà sá lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 17. Nǹkan oṣù mi ti wá fún ọjọ́ 19 kò dá, ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n bi mí níwájú èrò, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì wà níbẹ̀, kí n tó délé ìyá mi ti gbọ́ pé mo lọ ṣẹ́yún. Ọdún mẹ́rin ni mi ò fi yà sí ọsibítù kankan.

Nọ́ọ̀sì tó wà nínú yàtọ̀ ṣá. Àgbà obìnrin onígíláàsì ni, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí àǹtí ẹ dúró ni àbí kí wọ́n bọ́ síta?" Mo bọ́ síta fúnra mi. Ìgbà tí wọ́n pè mí wọlé, wọ́n ní kandídà ni, kòkòrò tín-ín-tín kan tó máa ń dì funfun bí ògì, pé ó ń gbé lára ọ̀pọ̀ obìnrin láìda nǹkan kan rú, àwọn kòkòrò rere tó wà níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ráyè. Àwọn kòkòrò rere yẹn ni kápúsù kẹ́míìsì pa. Àṣé àwa la ń bọ́ ọ! Wọ́n fún un ní oògùn tó máa ń tì síbẹ̀ lálẹ́, ó tán.

Ọmọ náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò tíì mọ ọkùnrin rí. Mi ò bi í o. Tó bá sì ti mọ̀ ọ́n ńkọ́, ṣé kó máa họra lọ ni? Mi ò ní kí wọ́n má bèèrè, nọ́ọ̀sì yẹn náà bèèrè, torí ó lè jẹ́ àtọ̀sí, ó lè jẹ́ oyún, àmọ́ ó ti ilẹ̀kùn kó tó bèèrè, kò sì dárúkọ ọkọ. Èwo ni ti ọkọ nínú ẹ̀?

Àwọn kan á ní tá a bá gba irú ẹ̀ láyè, ojú ọmọ á là. Ẹ jọ̀ọ́, nínú NDHS ti 2018, ìyẹn ìwádìí ìjọba lórí ìlera àti iye ọmọ tí àwọn èèyàn ń bí, nínú ọmọbìnrin 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 19 ní Nàìjíríà, 19 ló ti bímọ tàbí tó ti lóyún. Ta ló la ojú tiwọn? Oògùn tí wọ́n sábà ń lò kí oyún má dúró lẹ́yìn ìbálòpọ̀, láàárín wákàtí 72 ni, bó bá ṣe tètè yá tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, àmọ́ ọmọ tó ń wá kẹ́míìsì tí kò mọ ìyá ẹ̀ kiri, wákàtí ti lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò tí wọ́n ń kó nínú ìbálòpọ̀, ní October 2023, Ògùn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ má bàa mú wọn lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọmọ òun ò mọ ọkùnrin, kí ló fẹ́ fi ṣe. Mo ní bọ̀dá mi, kó tó mọ̀ ọ́n gan-an ló ń ṣiṣẹ́ jù! A fa ọ̀rọ̀ yẹn títí, ìyàwó ẹ̀ ló padà mú ọmọ lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ kan wá di ṣùkú, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí ọmọ iṣẹ́ mi létí. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo gbọ́ tó ń dá a lóhùn: "Wẹ́sìdeè ni kó o lọ, ìyá onígíláàsì máa ń wà níbẹ̀. Tí ẹni tó ń kọ káàdì bá bi ẹ́ pé ṣé o ti lọ́kọ, sọ pé orí ń fọ́ ẹ."