Àyẹ̀wò ọdún mi: ọdún tí mo gba ara mi láyè láti sinmi

Ọdún ti ń lọ sópin, mo sì jókòó láti yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ṣùgbọ́n àwọn ohun tí mo máa ń kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí mo parí àti ipò tí mo dé, kò sí níbẹ̀ lọ́dún yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí èmi àti ìyàwó mi ta ilé ńlá tí a ti tọ́ àwọn ọmọ wa, tí a sì kó lọ sí ilé kékeré. Ìsinmi ni mo fi ìyókù ọdún ṣe, òun ni mo sì fẹ́ kọ nípa rẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé òun ló ṣe mí láǹfààní jù lọ.

Kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rárá ni àwọn ènìyàn ti ń béèrè ohun tí mo fẹ́ máa ṣe. Àwọn kan fẹ́ kí n wá jókòó nínú ìgbìmọ̀, àwọn mìíràn ní kí n dá òwò sílẹ̀ kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n èsì kan náà ni mo fún gbogbo wọn: ẹ jẹ́ kí ọdún yìí kọjá ná. Kò rọrùn láti sọ, nítorí wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa láti máa ka ẹni tó jókòó láìṣe nǹkan kan sí ọ̀lẹ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ó ṣe pẹ́ tó kí ara tó gbà pé iṣẹ́ ti tán. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, òkùnkùn ni mo ṣì ń jí sí, ọwọ́ mi á ti na fóònù kí ojú mi tó là dáadáa, ọkàn mi á sì ti máa wá lẹ́tà tí n kò tíì fèsì sí, nígbà tí kò sí lẹ́tà kankan. Họ́mónù kan wà tí wọ́n ń pè ní cortisol, tó máa ń lọ sókè nínú ara wa láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45 lẹ́yìn tí a bá jí, àwọn olùwádìí sì ti rí i pé ó sábà máa ń ga ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ju ti ọjọ́ ìsinmi lọ. Lójú tèmi, ara tó ti ń gbáradì báyìí láti ìgbà èwe kò lè ṣíwọ́ nítorí pé wọ́n ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún un. Ọdún ti dé ìdajì kí n tó jí lọ́jọ́ kan tí ilẹ̀ ti mọ́ kedere, tí mo sì ṣàkíyèsí pé èjìká mi, tó máa ń le gbagidi, ti rọ̀ wálẹ̀.

Dídín ẹrù kù ló gba agbára jù. Àga àti ibùsùn yára lọ. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ni wọ́n dá wa dúró: kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn tí kò sí mọ́, ìwé èsì ìdánwò tí tíṣà ti kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí sí lẹ́sẹ̀, gíláàsì ojú tó ti sọ apá kan nù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń béèrè ìpinnu, ìpinnu sì máa ń tánni lókun ju ẹrù gbígbé lọ. Tábìlì kan wà tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ilé tuntun kò gbà á. Nígbà tí a dojú rẹ̀ dé láti tú ẹsẹ̀ rẹ̀, a rí orúkọ ọmọ wa kejì tó ti fi pẹ́ńsù kọ sí abẹ́ rẹ̀, ìyàwó mi sì jókòó sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ náà ló gbé tábìlì náà lọ sílé ara rẹ̀, inú mi sì dùn sí i gidigidi. Ohun tí a kò rí ìpinnu ṣe lé lórí, a kó o sínú páálí kan, a lẹ̀ ẹ́ pa, a sì fohùn ṣọ̀kan pé kò ní sí ẹni tó máa ṣí i lọ́dún yìí.

Ní ọdún 1967, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì ní Amẹ́ríkà, Thomas Holmes àti Richard Rahe, ṣe òṣùwọ̀n kan fún ìyípadà 43 tó lè kó másùnmáwo bá ènìyàn. Ikú ọkọ tàbí aya gba 100, ìfẹ̀yìntì gba 45, ìyípadà nínú owó tó ń wọlé gba 38, kíkó kúrò nílé gba 20. Mẹ́ta nínú wọn ló wọlé tọ̀ wá láàárín oṣù díẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ni a sì fi yàn wọ́n. Ìyẹn ni mo máa ń rán ara mi létí nígbà tí àárẹ̀ bá mú mi láìjẹ́ pé mo ṣiṣẹ́ kankan. Robert Atchley, tó kọ̀wé nípa ìfẹ̀yìntì ní àwọn ọdún 1970, ṣàlàyé pé ìdùnnú àkọ́kọ́ lè yí padà di ìjákulẹ̀ kí ènìyàn tó tún ìgbé ayé rẹ̀ tò. Nígbà tí ìjákulẹ̀ náà dé bá èmi náà, tí ọjọ́ mi sì ṣófo, n kò sáré wá iṣẹ́ tí màá fi dí i.

Ní ti owó, ohun tó ń wọlé ti dín kù, ìnáwó ilé náà sì ti dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó nílò ọgbọ́n jù ni bí ènìyàn méjì ṣe máa wà nínú yàrá díẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. A pín òwúrọ̀ sọ́tọ̀, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, ọ̀sán ni a wá ń jọ jókòó sọ̀rọ̀, a sì ti sọ ohun tí a kò ráyè sọ nígbà tí iṣẹ́ gbà wá lọ́kàn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, a máa ṣí páálí náà. Mo sì máa gba iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́ tí mo ṣe, nítorí òun nìkan ni ọkàn mi ń padà sí láìsí ẹni tó rán an létí. Àwọn yòókù, mo ti kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ yìí pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn.