Ẹ má fi ọ̀dà kun ilẹ̀ Aztec: ohun tí iṣẹ́ géèmù ìtàn kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ géèmù ìtàn, ó di dandan kí wọ́n fún yín ní ilẹ̀ kan lọ́jọ́ kan pé kí ẹ lọ sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè gbá lórí kọ̀ǹpútà. Aztec ni wọ́n fún èmi, àwọn ìlú ayé àtijọ́ tó wà níbi tí à ń pè ní Mexico lónìí, kí Spéènì tó ṣẹ́gun wọn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n orí ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: ohun tó ń fa nǹkan ni kí ẹ kọ sínú géèmù, kí ẹ jẹ́ kí àbájáde wá fúnra rẹ̀.

Nínú irú géèmù tiwa yìí, ohun tí ọwọ́ ti mọ́ gbogbo ayé lára ni kí ìjọba kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ lórí máàpù. Faransé ní tirẹ̀, Spéènì ní tirẹ̀, ẹni tó bá sì ṣẹ́gun, àwọ̀ rẹ̀ á máa tàn ká. Bí ẹ bá ṣe Aztec báyìí, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú ló wà níbẹ̀, ìlú tí wọ́n ń pè ní altepetl, olúkúlùkù pẹ̀lú ọba rẹ̀, ọjà rẹ̀ àti òrìṣà rẹ̀. Ní 1428, Tenochtitlan, Texcoco àti Tlacopan pawọ́ pọ̀ bì Azcapotzalco ṣubú, ìlú tó ti ń gba ìṣákọ́lẹ̀ káàkiri àfonífojì Mexico. Bí Azcapotzalco ṣe ṣubú tán, àwọn mẹ́ta yìí ló wá ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ìjọba Aztec kò ju èyí lọ títí di 1521. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun ìlú kan, ọba ibẹ̀ sábà máa ń wà lórí ìtẹ́ rẹ̀, òfin ilé rẹ̀ kò yí padà. Kí ẹrù ṣáà ti dé lásìkò. Calpixqui, tí àwa ì bá pè ní ajẹ́lẹ̀, ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀ láti bójú tó gbígbà rẹ̀.

Nítorí náà, a yọ àwọ̀ kúrò lórí máàpù. Ìlú nìkan ló kù, pẹ̀lú okùn tó so ìlú tó ń san mọ́ ìlú tó ń gbà. Bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ni okùn ṣe máa nípọn tó. Àwọn tó kọ́kọ́ gbá a fún wa bínú gan-an. Wọ́n ní, “A ti jagun títí, ilẹ̀ wa dà?” Ẹ má jẹ́ kí irú ìbéèrè yìí mú yín padà sẹ́yìn. Dípò kí á dá àwọ̀ padà, ìwé ìṣákọ́lẹ̀ la gbé sí ojú ewé tí ọba kọ́kọ́ ń rí. A ya ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń san sínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe yà á sínú Codex Mendoza, ìwé àwòrán kan tí wọ́n ṣe nígbà ìjọba Spéènì: aṣọ òwú, aṣọ ogun àwọn jagunjagun, ìyẹ́ ẹyẹ, kòkó, àgbàdo. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn kan náà fi ń ṣí ìwé yẹn ṣáájú kí wọ́n tó wo máàpù rárá. Kòkó yìí ni owó kéékèèké ọjà wọn, tí wọ́n fi ń ra ẹyin àti tòlótòló. (Kòkó tí àwọn bàbá yín ń gbìn ní Oǹdó náà ni o, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá bá wa.)

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù ni ọ̀rọ̀ ẹrù. Ẹlẹgbẹ́ mi kan dábàá pé kí á yọ ìdá kan kúrò nínú agbára ológun Aztec, kí wọ́n má baà lè rìn jìnnà jù, kí ó lè bá ìtàn mu. Mo kọ̀. Àdínkù tí kò ní ìdí kò kọ́ ẹni tó ń gbá géèmù ní nǹkan kan, ó kàn máa ń rò pé àwa tó ṣe é kò fẹ́ràn òun ni. Ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí wọn kò fi lè rìn jìnnà. Kò sí ẹṣin, kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kò sí ẹranko kankan tó ń ru ẹrù níbẹ̀. Alábàárù ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní tlameme, tí wọ́n ń fi okùn kọ́ ẹrù sí iwájú orí. Bernal Díaz, ọmọ ogun tó bá Cortés, ọ̀gágun Spéènì tó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà, wá, kọ ọ́ pé arroba méjì ni ẹrù alábàárù kan, nǹkan bíi kìlógírámù 23.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Bí alábàárù bá ru àgbàdo kìlógírámù 23, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń jẹ kìlógírámù kan lójúmọ́, bí ó bá rin ọjọ́ mọ́kànlá lọ, tí ó sì tún fẹ́ rin ọjọ́ mọ́kànlá bọ̀, òun nìkan ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹrù náà tán. Ìṣirò yìí nìkan la fi sínú géèmù. A kò fi òfin kankan tì í. Láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn tó ń gbá a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí àwọn ọba Mexica, ìyẹn àwọn ará Tenochtitlan, ṣe gan-an: àgbàdo ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ìlú tó súnmọ́ wọn, bíi Chalco, lọ́wọ́ ìlú tó jìnnà, ohun tó fúyẹ́ tó sì níye lórí. Xoconochco wà lọ́hùn-ún létí òkun Pàsífíìkì, nítòsí Guatemala, kò sì sí ẹni tó ń retí àgbàdo láti ibẹ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ, awọ jaguar, òkúta iyebíye àti kòkó ló ń wá.

Ọmọ ogun náà ń jẹun. Bí òjò bá dé, àwọn ọkùnrin á wà lóko, ọ̀nà á sì di ẹrẹ̀. Àsìkò ogun wọn jẹ́ lẹ́yìn ìkórè, títí di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ jagun ní oṣù òjò nínú géèmù wa lè jà, kò sẹ́ni tó dá a dúró, àmọ́ ebi ọdún tó ń bọ̀ á wá ka iye rẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni adágún Texcoco rí: ọkọ̀ ojú omi kan ń gbé ohun tí ọ̀pọ̀ alábàárù kò lè rù, ìdí nìyí tí ìlú tí wọ́n kọ́ sí erékùṣù fi lè tóbi tó bẹ́ẹ̀. Odi omi tí Nezahualcoyotl ọba Texcoco kọ́, ìyàn 1450 sí 1454 tí àwọn ènìyàn fi ń ta ọmọ wọn fún àwọn Totonac, ẹ̀yà kan tó wà létí òkun níhà ìlà-oòrùn, nítorí àgbàdo, àkúnya omi tí ọ̀nà omi tuntun ọba Ahuitzotl fà, a fi gbogbo wọn síbẹ̀. N kò ní pẹ́ lórí wọn. Bí ẹ bá ti ṣe ọ̀rọ̀ ẹrù dáadáa, àwọn wọ̀nyí á bá ara wọn mu.

Ohun tó mú mi ronú pẹ́ jù ni bí ìlú mẹ́ta ṣe lè di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú mú láìfi ọmọ ogun síbi gbogbo. Ìbẹ̀rù ni. Ìbẹ̀rù kò náni ní oúnjẹ bí ọmọ ogun, ṣùgbọ́n ó máa ń gbó. Ẹ wo Tizoc, ọba Tenochtitlan. Ó jọba ní 1481 lẹ́yìn Axayacatl arákùnrin rẹ̀, torí pé ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ló ń yan ọba láàárín ìdílé ọba, kò pọn dandan kí ọmọ gba ipò bàbá. Ọba tuntun gbọ́dọ̀ jagun kí ó lè mú òǹdè wá síbi ayẹyẹ ìfijoyè rẹ̀. Tizoc lọ sí Metztitlan. Gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ìgbà ìjọba Spéènì ṣe kọ ọ́, 300 ènìyàn ló pàdánù, 40 òǹdè ló mú bọ̀. Ó kú ní 1486, àwọn kan sì ní wọ́n fún un ní májèlé jẹ ni. Ahuitzotl, arákùnrin rẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ogun tún ìlú tó ti ń ṣorí kunkun mú wálẹ̀, kí ó tó nawọ́ dé Xoconochco.

A sọ ogun ìfijoyè di ìdánwò àkọ́kọ́ ọba kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jáwé olúborí, ìbẹ̀rù ru sókè. Bí ó bá fìdí rẹmi, ó wálẹ̀, àwọn ìlú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kí wọ́n tó san. Ohun tí inú mi dùn sí jù níbẹ̀ ni pé ìròyìn ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn pochteca, oníṣòwò ọ̀nà jíjìn tí wọ́n tún ń ṣe amí fún ọba, ló ń gbé e kiri. Ìlú tó jìnnà lè máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún oṣù púpọ̀ fún ọba tí àwọn ará ìtòsí ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá gbọ́n á yára wá ogun mìíràn jà kí ìròyìn àkọ́kọ́ tó dé ọ̀hún.

Ẹbọ ènìyàn wá ńkọ́? Ibi tí àwọn tó ń ṣe géèmù ti máa ń ṣìṣe jù nìyí. Àwọn kan á fi í pamọ́ kí ó má baà dà bíi pé wọ́n ń bu ẹnì kan kù. Àwọn mìíràn á sọ ọ́ di bọ́tìnì: tẹ̀ ẹ́, òrìṣà á yọ́nú, agbára á lé sí i. Méjèèjì kò dára, èkejì ló sì burú jù, torí pé ó sọ ìlú odidi di aṣiwèrè. Ó ṣẹlẹ̀, kò sí àní-àní: ní 2015, àwọn awalẹ̀pìtàn ṣàwárí pẹpẹ agbárí tó wà nítòsí tẹ́ńpìlì ńlá ní Ìlú Mexico, agbárí tí wọ́n sì ti kà níbẹ̀ lé ní 600. Ẹ̀sìn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣèlú ni pẹ̀lú. Nígbà tí Ahuitzotl ṣí tẹ́ńpìlì náà ní 1487, ó pe àwọn ọba ọ̀tá wá wò ó láti ibi tí àwọn ará ìlú kò ti ní rí wọn. Iye òǹdè tí òpìtàn kan kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, 80,400, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á, a kò sì jẹ́ kí ó wọ géèmù. Ohun tí a mú níbẹ̀ ni àwọn àlejò yẹn. Nínú géèmù, ìwọ lo máa yan ẹni tí o fẹ́ pè. Ẹni tó bá wá, ìbẹ̀rù rẹ̀ á ru sókè, ìkórìíra rẹ̀ náà á sì ru sókè pẹ̀lú rẹ̀. Ìbẹ̀rù ń yára rọ̀. Ìkórìíra kì í rọ̀ bọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ti ní nǹkan méjì yìí, ẹ kò nílò láti kọ 1519 bí eré orí ìtàgé. Cortés gúnlẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 500 ọmọ ogun. Nínú géèmù wa, kò ní ìdá agbára kankan tí a fi pamọ́ sí i lára. Ó kàn ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń béèrè. Ìlú tí ìkórìíra rẹ̀ bá ga, tí ìbẹ̀rù rẹ̀ sì ti rọ̀, á dá a lóhùn. Ní ìlú Quiahuiztlan, àwọn Totonac de àwọn agbowó-ìṣákọ́lẹ̀ Moctezuma, ọba Tenochtitlan, mọ́lẹ̀. Cortés fúnra rẹ̀ ló rán wọn níṣẹ́, ó tún yí padà lóru, ó tú méjì sílẹ̀ pé òun kò mọ̀ sí i. Tlaxcala, ilẹ̀ tí àwọn Aztec kò rí ṣẹ́gun àmọ́ tí wọ́n ti há mọ́ àárín, tí iyọ̀ àti òwú kò fi dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, bá a jà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n bá a lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àwọn wọ̀nyí ló yí Tenochtitlan ká ní 1521 títí tí wọ́n fi mú Cuauhtemoc, ọba ìkẹyìn ibẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá rò pé ìbọn àti ẹṣin nìkan ló ṣe é, kí ó tún ìtàn kà.

Ǹjẹ́ ẹni tó ń gbá géèmù lè yẹ̀ ẹ́? Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó máa ná an. Bí o bá dín ìṣákọ́lẹ̀ Totonac kù, tí o ṣí ọ̀nà iyọ̀ fún Tlaxcala, Cortés á jókòó sétí òkun. Àmọ́ láti inú ìṣákọ́lẹ̀ yẹn ni aṣọ àti ìyẹ́ tí ọba fi ń ta àwọn ìjòyè àti akọni ogun lọ́rẹ ti ń wá. Bí ọwọ́ rẹ bá gbẹ, àwọn tó yàn ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí Tizoc. Orí ìṣòro yìí la lo àsìkò tó pọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, mo sì gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ṣọ̀pọ̀nná yàtọ̀. Ó dé ní 1520, ó pa Cuitlahuac, ẹni tó jọba tẹ̀lé Moctezuma, lẹ́yìn nǹkan bí 80 ọjọ́ lórí oyè. Ẹ má ṣe fi ìjáfáfá ẹni tó ń gbá géèmù díwọ̀n ìyẹn, ẹ má sì fún un ní oògùn tí ẹnikẹ́ni kò ní nígbà náà. Àwọn kan bẹ̀ wá pé kí á jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn tí yóò dá a dúró. A kò gbà. Ohun tí a fún wọn láyè láti ṣe ni kí wọ́n ti pèsè ẹni tí yóò rọ́pò ọba ṣáájú, kí ìlú má baà wà láìlólórí ní ọdún tí kò yẹ.

Ìmọ̀ràn kan kù. Ẹ jẹ́ kí Tlaxcala náà ṣeé yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń náwó lé géèmù á sọ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Ìtàn wọn kò parí sí 1521. Wọ́n rán aṣojú lọ sí Spéènì lọ bá ọba fúnra rẹ̀ láti béèrè ohun tí wọ́n ní ó tọ́ sí wọn, ní 1591 sì ni 400 ìdílé wọn lọ tẹ̀dó sí ìhà àríwá pẹ̀lú àdéhùn pé wọn kò ní san ìṣákọ́lẹ̀, pé wọ́n sì lè gun ẹṣin. Ẹ̀ka yẹn kò ní ogun púpọ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ẹjọ́ ló kún inú rẹ̀. Nínú àwọn tó dán an wò fún wa, ẹni tó bá ti yan Tlaxcala lẹ́ẹ̀kan kì í sábà padà sí Tenochtitlan.